Jogbo kún ẹ̀bá ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ìṣirò ló máa sọ ọ́ di owó

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejìlá, kò sí ẹni tó máa gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tàbí Ilé-Ifẹ̀ sí Àkúrẹ́, tí kò ní í rí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó wà lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí, ó wà lẹ́yìn ọgbà iléèwé, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn. Jogbo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é nítorí pé ewé rẹ̀ korò. Àwọn mìíràn ń pè é ní agbálẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún un ni Tithonia diversifolia.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà ń ṣe sí i kò ju kí wọ́n fi àdá bẹ́ ẹ, kí wọ́n kó o jọ, kí wọ́n sì dáná sun ún. Ẹni tó dáná sun ún yìí kan náà ló máa kówó dání lọ sọ́jà láti ra ajílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó ajílẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́. Ọjà rẹ̀ gbóná káàkiri àgbáyé nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine lọ́dún 2022, nígbà tó sì di 2023 tí náírà já wálẹ̀ gidigidi, ẹni tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sórí ilẹ̀ bíńtín náà mọ̀ ọ́n lára.

Pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí yìí, ó rọrùn láti sọ fún oníṣòwò kékeré pé kó sáré lọ gé jogbo, pé ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ewé ló wà lọ́fẹ̀ẹ́. Gígé e, dídì í, rírù ú àti bíbò ó mọ́lẹ̀ kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ṣírò ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fẹ́ yìí ló máa jèrè lórí jogbo. Ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ lè ná ju owó ajílẹ̀ lọ láìmọ̀.

ÀJÒJÌ TÓ DI ONÍLÉ

Jogbo kì í ṣe ewéko ilẹ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mẹ́síkò àtàwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa gbé e kiri ayé láti gbìn ín sí àyíká ilé, kó tó di pé ó já wọ inú igbó. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni òun àti sunflower tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òróró. Ewúro tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé náà wà nínú mọ̀lẹ́bí yìí.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa ìwà rẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ewéko tó ń kú lẹ́yìn ọdún kan. Bí wọ́n bá gé e, kùkùté rẹ̀ máa tún rú. Ìkejì, èso rẹ̀ pọ̀, ó sì fúyẹ́, èyí tó jẹ́ kó rọrùn fún un láti tàn ká. Igi rẹ̀ pàápàá, bí wọ́n bá gé e ní kékeré tí wọ́n rì í bọlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe igi ẹ̀gẹ́, ó máa hù. Ìkẹta, oje ewé rẹ̀ lè dí hóró irúgbìn mìíràn lọ́wọ́ láti hù dáadáa. Ohun mẹ́ta yìí ló máa pinnu bóyá jogbo máa ran oko lọ́wọ́ tàbí ó máa gba oko lọ́wọ́ olóko.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ EWÉ NÁÀ

Ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ jù lọ lórí ewéko yìí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ ló ń lò ó láti fi pààlà oko, àwọn onímọ̀ ICRAF, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí nípa gbígbin igi pọ̀ mọ́ ohun ọ̀gbìn, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi, sì bá wọn wò ó. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2000, nínú gbogbo kílò 100 ewé jogbo gbígbẹ, náítírójìn tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 3.5, pọ̀táṣíọ́ọ̀mù jẹ́ nǹkan bíi kílò 4, àmọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó ààbọ̀ kílò. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí kan náà ni N, P àti K tí wọ́n ń kọ sára àpò ajílẹ̀.

Nílé níbí, àwọn olùwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà tẹ iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2007 lórí bí wọ́n ṣe lè fi jogbo tún ilẹ̀ ṣe. Ohun tó wà nínú ewé máa ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ó sì máa ń yàtọ̀ bí ewé bá ṣe dàgbà tó. Nítorí náà, kí oníṣòwò mú iye tí wọ́n rí ní Kẹ́ńyà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kó má mú un bí òfin.

TỌ́Ọ̀NÙ EWÉ KAN FÚN ÀPÒ KAN

Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó jẹ́ kílò 50 ní náítírójìn kílò 7.5 nínú. Láti rí náítírójìn tó tó bẹ́ẹ̀ lára jogbo, ewé gbígbẹ nǹkan bíi kílò 214 ni wọ́n nílò. Ṣùgbọ́n tútù ni wọ́n ń gé ewé lóko, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ pé kílò márùn-ún ewé tútù ló máa ṣẹ́ kílò kan gbígbẹ kù, á jẹ́ pé ewé tútù tó lé ní kílò 1,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan, ló máa gbé náítírójìn àpò NPK kan ṣoṣo. Ti yúríà tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpò yúríà kan tó jẹ́ kílò 50 ní náítírójìn kílò 23, ewé tútù tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta ló máa dúró fún un.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé pọ̀táṣíọ́ọ̀mù inú tọ́ọ̀nù ewé kan yẹn ju ti inú àpò NPK lọ. Ewé náà tún ń sọ ilẹ̀ di rírọ̀, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ lè gba omi dúró, èyí tí ajílẹ̀ inú àpò kò lè ṣe. Ibi tí ewé kù sí ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: ti tọ́ọ̀nù ewé kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti inú àpò NPK lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa lo jogbo pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé àpò kan tí èèyàn lè gbé sẹ́yìn ọ̀kadà kò ṣeé fi wé tọ́ọ̀nù ewé kan tó máa gba ọ̀pọ̀ ìrìnàjò. Ìrù ló ń jẹ owó jogbo.

ÌṢIRÒ BẸ́Ẹ̀DÌ MẸ́WÀÁ

Ká sọ pé obìnrin kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tà, ó sì ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà mẹ́wàá. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń lò ni tọ́ọ̀nù márùn-ún ewé gbígbẹ fún hẹ́kítà kan. Bí wọ́n bá pín ìyẹn dé orí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì kan máa gba nǹkan bíi kílò 25 ewé tútù, bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá sì máa gba kílò 250. Náítírójìn tó wà nínú gbogbo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó ti ìdá kan nínú mẹ́rin àpò NPK kan.

Ká tún sọ pé lébìrà kan lè gé kílò 150, kó sì rù ú dé oko lóòjọ́. Iṣẹ́ bí ọjọ́ méjì nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ₦6,000 ṣe owó iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n sì fi ₦40,000 ṣe owó àpò NPK, ewé máa ná an ní ₦12,000, nígbà tí ìdá mẹ́rin àpò ajílẹ̀ máa ná an ní ₦10,000. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó wọ̀nyí, wọn kì í ṣe iye ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ fi iye tó wà ládùúgbò rẹ̀ rọ́pò wọn. Àmọ́ ó hàn kedere pé nínú àpẹẹrẹ yìí, ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti fi ₦2,000 wọ́n ju ohun tí wọ́n rà lọ.

Kí ló lè yí ìṣirò náà padà? Ohun mẹ́ta ni.

Èkínní ni bí ewé bá ṣe jìnnà tó. Jogbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ní ìrù. Lébìrà tó ń gbé kílò 150 wá láti ìkọjá odò lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọgbà ló ti ń gé e.

Èkejì ni iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí obìnrin yìí bá ti fẹ́ san owó ọjọ́ kan fún ẹni tó máa ṣán jogbo tó yí oko rẹ̀ ká, tó wá ní kí onítọ̀hún kó ewé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì dípò kó sun ún, owó ọjọ́ kan péré ló fi kún ìnáwó rẹ̀. Ewé ná an ní ₦6,000 nìyẹn, ó sì ti fi ₦4,000 dín sí ti ajílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oníbàárà. Bí ilé oúnjẹ tàbí àwọn ìdílé kan bá wà tó ń fẹ́ ẹ̀fọ́ tí wọn kò fi kẹ́míkà gbìn, tí wọ́n sì ṣe tán láti fowó lé e, ewé jogbo ti di ohun tó ń ta ọjà.

ÀGBÀDO TÀBÍ Ẹ̀FỌ́?

Ohun tí àwọn ará Kẹ́ńyà rí lórí owó ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ lọ. Jogbo mú kí àgbàdo ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka owó iṣẹ́ gígé àti rírù mọ́ ọn, èrè orí àgbàdo kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí owó tí wọ́n ń ta àgbàdo kéré sí iṣẹ́ tó wọlé. Orí ohun ọ̀gbìn tó ń mówó wọlé dáadáa lórí ilẹ̀ kékeré, bíi tòmátì àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki, ni èrè ti yọjú.

Òfin yìí bá oko ilẹ̀ Yorùbá náà mu. Ẹni tó bá gbin àgbàdo sórí hẹ́kítà kan máa nílò nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25 ewé tútù kó tó lè lo ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí lò. Iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ agbọ̀n. Àmọ́ ẹni tó gbin tòmátì, ata, ilá tàbí ẹ̀fọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mélòó kan, tó ń tà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lè fi ọwọ́ gbá a mú.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó

Kí òdòdó tó yọ ni kí wọ́n ti gé e. Ewé tó ṣì rọ̀ ní ohun tó ń ṣe ilẹ̀ lóore nínú jù, kò sì tíì ní èso tó máa hù sínú bẹ́ẹ̀dì. Ewé àti ọ̀mùnú ẹ̀ka ni kí wọ́n lò, kí wọ́n yọ igi líle kúrò, nítorí igi kì í tètè jẹrà, ó sì lè hù.

Kí wọ́n gé ewé náà wẹ́wẹ́, kí wọ́n tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ erùpẹ̀. Jogbo máa ń tètè jẹrà. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ máa ti jáde sínú ilẹ̀. Síbẹ̀, nítorí oje rẹ̀ tó ń dí irúgbìn lọ́wọ́, ó dára kí ẹni tó fẹ́ gbin hóró wẹ́wẹ́ bíi tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó fọ́n ọn.

Ẹni tí ewé rẹ̀ jìnnà sí oko lè kọ́kọ́ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ níbi tó ti gé e, kó sì jẹ́ kó jẹrà níbẹ̀. Ohun tó bá jẹrà tán fúyẹ́ ju ewé tútù lọ, owó ọkọ̀ á sì dín kù. Àwọn tó ń ta òdòdó àti igi eléso nínú ìkòkò lẹ́bàá títì náà ń nílò irú erùpẹ̀ ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ọjà kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe é dáadáa, kó sì dì í sínú àpò.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ṣì wà. Inú ilẹ̀ ni jogbo ti ń mú ohun tó wà nínú ewé rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ń gé e lójú kan náà lọ́dọọdún láìdá nǹkan kan padà síbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ṣá, ewé náà á sì máa dín kù.

ADÌẸ, EWÚRẸ́ ÀTI MÀÁLÙÙ

Ní Colombia, bọ́tìnnì wúrà ni orúkọ tí wọ́n ń pe jogbo túmọ̀ sí. Àwọn tó ń sin màálùù oníwàrà níbẹ̀ ń gbìn ín sínú pápá, kí ẹran lè máa já a jẹ. Níhìn-ín, ewúrẹ́ àti àgùntàn náà ń jẹ ẹ́. Ní ti adìẹ, àwọn olùwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbé èsì jáde lọ́dún 1996 lórí fífi ewé rẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n lọ̀, sínú oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin.

Àmọ́ kí olójà oúnjẹ adìẹ má ṣe rò pé òun ti rí ohun tó máa rọ́pò ẹ̀wà sóyà. Kíkorò ewé náà lè jẹ́ kí adìẹ jẹun dín kù, adìẹ tí kò jẹun kò sì lè yé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún adìẹ mélòó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, kí wọ́n máa ka ẹyin wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi wé ti àwọn yòókù. Bí owó tí wọ́n dín kù lórí oúnjẹ kò bá tó owó ẹyin tó dín kù, àdánù ni. Ewé ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko kò sì yẹ fún ẹran ọ̀sìn rárá.

ÒDÒDÓ TÓ Ń FA ÈRÒ

Ọ̀nà mìíràn wà tí jogbo fi ń mówó wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni gé e tàbí rù ú. Ní agbègbè Khun Yuam, ní ìpínlẹ̀ Mae Hong Son ní Thailand, òdòdó yìí kan náà bo orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Doi Mae U Kho. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wò ó, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ní ilé àlejò àti ẹni tó ń fi mọ́tò gbé èrò ló ń pa owó. Oníṣòwò tó bá ní ọgbà ìgbafẹ́ tàbí ilé ìtura létí ìlú, tí jogbo sì tẹ́ lọ níwájú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, lè ronú lé ìyẹn lórí kó tó ní kí wọ́n dáná sun ún.

IBI TÓ YẸ KÍ WỌ́N ṢỌ́RA

Ọ̀pọ̀ ló ń se ewé jogbo mu fún ibà. Lóòótọ́, àwọn olùwádìí ti rí i pé ó ní agbára díẹ̀ lórí ibà lára eku. Àmọ́ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe é, tó jáde lọ́dún 2009, fi hàn pé ohun tí wọ́n yọ jáde lára ewéko náà pa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ àwọn eku tí wọ́n fún lára. Ẹni tó bá fẹ́ máa di í sínú ike tà gẹ́gẹ́ bí àgbo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àti pé láìsí ìwé àṣẹ àjọ NAFDAC, òwò náà kò bófin mu.

Èkejì ni ìtànkálẹ̀ rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ka jogbo mọ́ àwọn ewéko àjòjì tó ń gba ilẹ̀, tí olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ kápá lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni máa tà á. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni gbé jogbo lọ gbìn síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tó láti lò. Ẹni tó bá sì pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọgbà gbọ́dọ̀ máa gé e kó tó so, kó má baà di ìjà láàrin òun àti olóko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

BẸ́Ẹ̀DÌ MÉJÌ ÀTI ÌWÉ KAN

Kí ẹnikẹ́ni tó kó gbogbo oko rẹ̀ sórí jogbo, bẹ́ẹ̀dì méjì ló yẹ kó fi dán an wò. Kó fi ajílẹ̀ tó ń lò tẹ́lẹ̀ sí ọ̀kan, kó fi kílò 25 ewé jogbo àti ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sí èkejì, kó sì gbin ẹ̀fọ́ kan náà sínú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Nínú ìwé, kó kọ owó ajílẹ̀ sí apá kan. Sí apá kejì, kó kọ owó ìgbẹ́ adìẹ àti wákàtí tí wọ́n fi gé ewé, tí wọ́n fi rù ú, tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀, kó sì sọ wákàtí náà di owó, ì báà jẹ́ ọmọ ilé ló ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọmọ ilé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àkókò tó fi rù ewé, kò fi tajà.

Nígbà tí wọ́n bá ta ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tán, kó yọ ìnáwó ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú owó tó wọlé lórí rẹ̀. Bí ti jogbo bá pọ̀ jù, kó fi bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin kún un. Bí ti ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, kó wo bóyá ìrù ló fà á, kó sì wá ewé tó sún mọ́ ọn. Bí kò bá sí èyí tó sún mọ́ ọn, kó ra ajílẹ̀ rẹ̀ láìbínú, kó sì fi jogbo sílẹ̀ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀.